Ògbufọ̀ àbí olùkọ́ àwọn adití: èwo ni kí o mú ṣe ní Ìbàdàn?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọbìnrin kan pè mí láti Mọníyà. "Ẹ kú alẹ́ mà, Anti. Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ èdè àwọn adití ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣé kí n máa ṣe ògbufọ̀ ni, àbí kí n lọ kàwé olùkọ́?" Mo bi í léèrè pé adití mélòó ló ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù. Ó rò ó títí. "Kò tíì sí, mà." Mo ní kó kọ́kọ́ lọ ní ọ̀rẹ́ méjì láàárín wọn, kó wá padà pè mí.

Ìbéèrè gidi ló bi ṣá o. Ó ti ju ẹni mẹ́wàá lọ tó ti bi mí nírú ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì rò pé ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ti lè ṣe èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Ọdún 11 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ adití, mo sì ń ṣe ògbufọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ọlidé. Awakọ̀ àti mẹkáníìkì, mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ ń fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé iṣẹ́ wọn bára mu? Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí.

Ìbàdàn dára fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú wọn, kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn yírunyírun ba etí rẹ̀ jẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ni adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Gánà ní 1957. Nígbà tó di 1960, ó ti dé Ìbàdàn. Ìlú yìí náà ló ti ń kọ́ àwọn adití láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà kí wọ́n lè padà lọ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé. Kó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù Kejìlá 1987, ilé ìwé tó dá sílẹ̀ kárí Áfíríkà ti lé ní 30. Òun ló fà á tí èdè ọwọ́ tí à ń lò nílé ìwé níbí fi jọ ti Amẹ́ríkà. Ọwọ́ kan ṣoṣo la fi ń sípẹ́lì A dé Z. Àwọn adití ìlú Ọba, tí ìjọba wọn ṣàkóso wa, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń sípẹ́lì tiwọn.

Ká tó lọ jìnnà: adití ni wọ́n. Má pe ẹnikẹ́ni ní odi níwájú mi.

Ẹnu àyálò

Ẹnu ni ògbufọ̀ ń yá èèyàn. Ohun tí adití bá fọwọ́ sọ ni wàá fẹnu sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá bú dókítà, wàá bú dókítà. Bó bá ní inú ń run òun, "inú ń run mí" ni wàá sọ, o ò gbọdọ̀ ní "ó ní inú ń run òun". Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dán irú ẹ̀ wò nílé ìwòsàn kan nínú ìgboro, nọ́ọ̀sì wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kẹ̀, Anti?" Dókítà tiẹ̀ wá burú jù ú lọ, èmi ló kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: "Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun." Obìnrin adití tó ń ṣàìsàn wà níwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò ó lójú.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣe àṣìṣe tí mi ò tíì gbàgbé. Bí a ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni dókítà sọ?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, òun ló gbé e wá, òun ló sanwó káàdì. Mo sọ fún un. Mi ò rántí pé ẹni tí kò gbọ́ràn ń ríran. Obìnrin náà rí ètè mi tó ń mì, ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yí padà, ó sì mọ̀ pé àṣírí òun ti tú. Ó ju ọdún kan lọ kó tó tún dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, màá ní, "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, màá bá yín túmọ̀ rẹ̀." Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, má jẹ́ kó ṣe ògbufọ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ já gaara tó.

Ọmọ tí kò tíì ní ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan wọ kíláàsì mi láìní èdè kankan. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Èéyi ló ba etí rẹ̀ jẹ́ kó tó pé ọdún méjì, gbogbo ilé ló ń gbọ́ràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi bá a sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n nawọ́ sí nǹkan lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, ilé tí bàbá àti ìyá ti ń gbọ́ràn.

Mo gbé fọ́tò màmá rẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo la ìka márààrún, mo fi orí àtàǹpàkò kan àgbọ̀n mi: màmá. Òun náà ṣe é. Inú mi dùn. Mo gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá, ó tún fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n. Mo gbé ti ajá wá, ó tún ṣe é. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé "fọ́tò" ni ọmọ náà rò pé mo ń pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá rẹ̀ wá mú un nílé ìwé. Ó sáré lọ bá a, ó la ìka, ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n, ó tún kàn án, ó tún kàn án. Ìyá náà bojú wo àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ dáadáa. "Anti, ṣé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́ níbẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Ẹ̀yin ló ń pè." Ó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, kò sì dìde fún ìgbà díẹ̀.

Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà ò lè rí nǹkan kan ṣe fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ tó dé. Kò tíì sí èdè tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí. Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pínyà gan-an nìyí: ògbufọ̀ ń bá ẹni tó ti ní èdè ṣiṣẹ́, olùkọ́ ló sì sábà máa ń fún ọmọ ní èdè ọ̀hún. Ògbufọ̀ á rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wákàtí méjì, ó parí, ó ti wọ mọ́tò. Olùkọ́ lè dúró dè é di ọdún kẹta.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ

Fún olùkọ́, ọ̀nà wà nílẹ̀, ó sì súnmọ́ ilé. Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ń fúnni ní NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí o bá wọ mọ́tò ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀, wàá dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé, ẹni tó bá sì ti ní NCE lè gba Direct Entry kó fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Bí o bá parí, wàá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, o di olùkọ́ lójú òfin. Ìwé yẹn ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba, yálà lọ́dọ̀ SUBEB, àjọ ìjọba fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí TESCOM, èyí tó wà fún girama. Ìbàdàn ò sì ṣaláìní ilé ìwé tí àwọn adití ń lọ: èyí tó wà l'Ágodi fún àwọn kéékèèké, Ìjokòdò High School àti Methodist Grammar School ní Bódìjà fún àwọn àgbà wọn.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo ti rí ẹni tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ àwọn adití, tó mọ bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́ láti òde dé inú, tó sì jẹ́ pé bí adití bá fọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá sí i, á máa ní, "Ẹ tún un sọ, ẹ tún un sọ." Ìwé kì í fún ọwọ́ ní ìyára. Àárín wọn ni wàá ti rí i.

Ògbufọ̀ ní tirẹ̀, inú ìjọ ni ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ tó ní àwọn adití máa ń to àga wọn sí apá kan níwájú, wọn á sì wá ẹni tí yóò dúró níbẹ̀. Ìwàásù wákàtí kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dára fún ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Bíbélì á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ju ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù, báǹkì àti ilé ìwòsàn lọ. Wàá mọ àmì "ìràpadà", o ò ní mọ ti "ẹ̀jẹ̀ ríru". Àwọn ògbufọ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn ní Nàìjíríà, ASLIN, àwọn adití náà sì ní tiwọn, Nigerian National Association of the Deaf. Wá bí wàá ṣe mọ àwọn méjèèjì. Inú ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, nítorí ẹni tí àwọn adití bá fọwọ́ sí ni wọ́n ń pè, wọn kì í béèrè ìwé-ẹ̀rí kí wọ́n tó pè ọ́.

Ọ̀kan wà tí mi ò kà mọ́ méjèèjì: kíkọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn ní èdè ọwọ́. Bí o bá ń gbọ́ràn, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún adití, tàbí kí o dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èdè wọn ni.

Owó

Òun lo fẹ́ bi mí gan-an, ojú ló ń tì ọ́.

Owó olùkọ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n o mọ ọjọ́ tó ń dé, ìgbéga lè falẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì wà níwájú. Wọ́n sì lè gbé ọ kúrò láàárín ìgboro lọ sí ibi tí o ò rò tẹ́lẹ̀.

Owó ògbufọ̀ dà bí òjò. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni Kérésìmesì wa, nígbà Ọ̀sẹ̀ Àgbáyé Àwọn Adití, tí ọjọ́ 23 oṣù náà sì jẹ́ Ọjọ́ Èdè Àwọn Adití Lágbàáyé. Ìpàdé á pọ̀, àwọn àjọ á máa wá èèyàn, o lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin léra. Bí ètò ìdìbò bá ń bọ̀, iṣẹ́ tẹlifíṣàn á yọjú. Ó di oṣù Kìíní, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n fi ń sanwó. "Ọlọ́run á san án fún yín, Anti." Àmín ni mo máa ń ṣe, màá sì rán wọn létí owó mọ́tò.

Kí o tó gbà láti lọ síbi kankan, kọ́kọ́ yanjú gbogbo èyí: wákàtí mélòó, ta ni yóò san owó ọkọ̀, ṣé wọ́n á fún ọ ní ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ṣáájú, àti pàápàá jù lọ, ta ni ìkejì rẹ. Bí ogún ìṣẹ́jú bá ti kọjá, ọpọlọ ògbufọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi ń pààrọ̀ ara wọn. Ọdún kan, mo gba sẹ́mínà oníwákàtí mẹ́rin nìkan ṣoṣo, torí olùṣètò ní owó ẹni kan lòun ní. Nígbà tó di wákàtí kẹta, bàbá adití kan ní ìlà iwájú na ọwọ́ sókè, gbogbo èèyàn rò pé ó ní ìbéèrè. Èmi ló fọwọ́ sọ ọ́ sí: "Ó ti rẹ̀ ọ́. Ohun tí o ń sọ ò yé wa mọ́. Jókòó." Ọrùn ọwọ́ mi wú fún ọjọ́ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ Ajé mo ní láti kọ nǹkan sójú pátákó.

Òfin wà tó ràn wá lọ́wọ́. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá, ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, ní kí ilé ìwòsàn ìjọba pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún aláìsàn tó bá nílò rẹ̀. Ó ní kí èdè ọwọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Owó ìtanràn ilé iṣẹ́ tó bá ya èèyàn sọ́tọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 náírà. Nínú ìwé ló wà ná. Wọ́n ṣì ń sọ fún aláìsàn pé "ẹ lọ mú èèyàn yín wá". Ṣùgbọ́n mo tẹ ojú ewé yẹn jáde, ó wà nínú báàgì mi. Ìgbà méjì ni mo ti fà á yọ, ìgbà méjèèjì ni ohùn ẹni tó wà níwájú mi sì rọ̀.

Yorùbá ńkọ́?

Ìwé púpọ̀ tó ń kọ́ni níṣẹ́ ògbufọ̀ kì í dé ibí yìí, torí ará Ìbàdàn kọ́ ló kọ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ adití kàwé nílé ìwé. Màmá tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà, Yorùbá ló ń sọ. Bí ọmọ bá kọ Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé, màmá ò lè kà á. Bí màmá bá sọ Yorùbá, ọmọ ò gbọ́. Ìwọ tí o bá gbọ́ Yorùbá dénú, tí o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọwọ́ rẹ sì já gaara, o ṣọ̀wọ́n. Ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń lọ ní Yorùbá, a kì í pọ̀ rárá.

Ìdánwò tó le jù tí mo ti ṣe, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni. Ìyàwó jẹ́ adití, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún tábìlì méjì. Alága ìjókòó ò mí, alága ìdúró ò mí, bí èyí ṣe ń pe orin ni èyí ń ju ọ̀rọ̀ àpárá. Lójijì, alága ìjókòó bọ́ sórí oríkì ìlú: nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ọwọ́ mi dúró. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe wà, àwọn adití á rò pé wọ́n ń pe àna lólè. Bí mo bá fò ó, mo ti jà wọ́n lólè ohun tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín sí. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà, mo wá fi kún un pé oríkì Ìbàdàn ni, ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, tábìlì méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí alága ti wà lórí orin mìíràn. Gbogbo àlejò yíjú padà láti wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú èdè àwọn adití, gírámà ni. Bí o bá gbé irun òkè ojú sókè, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí o bá fà á wálẹ̀, o ń béèrè ta ni, kí ni, níbo. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í yí padà, yálà olùkọ́ ni tàbí ògbufọ̀, á máa dà wọ́n láàmú. Aṣọ tí kò ní bátànì ni wàá máa wọ̀, kí ọwọ́ rẹ lè hàn. Yẹtí ńlá náà ò dára. Mo mọ èyí dáadáa, torí àmì orúkọ tí àwọn adití fún mi ni ìka tó ń mì légbẹ̀ẹ́ etí, nítorí yẹtí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti bọ́ ọ. Anti Oníyẹtí ni mí síbẹ̀.

Ṣọ́ra fún èyí tó wà láàárín

Ilé ìwé aládàáni kan gbà mí nígbà kan, ìwé tí wọ́n fún mi kọ "olùkọ́". Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọmọ adití kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì ọmọ 35 tó ń gbọ́ràn, wọ́n sì ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ kí n máa túmọ̀. Pírọ́ọ̀dù méje lójúmọ́, èmi nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ní kí n máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé pẹ̀lú ọmọ náà. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, èmi ni wọ́n bi. Iṣẹ́ gidi ni ògbufọ̀ inú kíláàsì, àwọn ọmọ wa sì nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n rí i pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ ni iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí o ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ méjèèjì, kí wọ́n san méjèèjì.

Tèmi ni pé, bí o bá wà láàárín ọmọ ogún ọdún sí márùndínlọ́gbọ̀n, tí o wà n'Íbàdàn, lọ gba ìwé olùkọ́ ná, máa ṣe ògbufọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó oṣù á jẹ́ kí o lè kọ iṣẹ́ tí kò dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan máa ń bí ọ nínú, má wulẹ̀ wọ kíláàsì, ọmọ á mọ̀. Bó sì jẹ́ pé adití lo jẹ́, tí o ń ka èyí, ìwọ gan-an ni olùkọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń retí. Foster náà ò gbọ́ràn.

Ọmọ Mọníyà padà pè mí, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Fídíò ni lórí WhatsApp, kò lanu rárá, ọwọ́ ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́fà, wọ́n sì ti fún òun ní àmì orúkọ: lẹ́tà B lórí ìgbọ̀nwọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Ó ní òun máa ń fi gbá ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Mo wá béèrè èyí tó mú nínú méjèèjì. Ó ní òun ò tíì mọ̀, pé ká jẹ́ kí òun pè mí padà, àwọn ọ̀rẹ́ òun ń dúró de òun níta.